Àbádòfin Kì í Ṣe Òfin: Fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Kọ́ Ìmọ̀ Òfin

Ọ̀rọ̀ tòní jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń múra láti kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì, àti ti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti òbí tí ẹ ń bá wọn wá ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ kiri. Gbogbo wa mọ̀ pé ìdánwò JAMB kì í ṣe eré. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni, 400 ni gbogbo máàkì rẹ̀, Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin. Gọ́fúmẹ́ǹtì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń mú mọ́ wọn. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ yunifásítì tún ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn, níbi tí wọ́n ti lè bi ọmọ nípa ohun tí ó ń lọ nílùú. Máàkì méjì tàbí mẹ́ta péré lè sọ ẹni tí ó fẹ́ di agbẹjọ́rò di ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀kọ́ mìíràn tí kò béèrè fún, tàbí ẹni tí yóò jókòó sílé di ọdún tí ń bọ̀.

Lójú tèmi, ibì kan wà tí ọmọ tí ó mọ̀wé gan-an ti ń pàdánù máàkì tí kò yẹ kí ó pàdánù: ìbéèrè nípa òfin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dábàá, àti àtúnṣe tí wọ́n fẹ́ ṣe sí èyí tí ó ti wà. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ ìròyìn. Wọ́n gbọ́ ọ jù ni. Rédíò ní Ilé Aṣòfin ti fọwọ́ sí i, WhatsApp ní òfin tuntun ti dé, ọmọ sì há a sórí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ibo gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dé báyìí?

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2013 ṣàlàyé, nítorí n kò tíì rí àpẹẹrẹ tí ó dára jù ú lọ. Ní àkókò yẹn, ariwo gba gbogbo Nàìjíríà kan pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ti ṣe òfin tí ó fàyè gba kí wọ́n máa gbé ọmọdébìnrin níyàwó. Àwọn ènìyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú, ìpè tí wọ́n sọ ní ChildNotBride sì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Ìbínú náà kò ṣàjèjì; ta ni yóò gbọ́ irú rẹ̀ tí inú rẹ̀ kò ní ru? Ṣùgbọ́n òfin kankan kò jáde lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ní ọjọ́ náà.

Ohun tí ó wà níwájú àwọn sẹ́nétọ̀ ni abala 29 Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999. Abala náà sọ bí ọmọ Nàìjíríà ṣe lè kọ jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀. Ó ní ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbà, ó sì túmọ̀ àgbà sí ẹni ọdún 18 sókè. Lẹ́yìn náà ni ó wá fi gbólóhùn kékeré kan kún un: obìnrin tí ó bá ti lọ́kọ, kí a kà á sí àgbà. Àbá tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí wọ́n yọ gbólóhùn yìí kúrò. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ó kúrò rí i pé bí a bá lè ka ọmọ ọdún 13 sí àgbà kìkì nítorí pé ó ti wọ ilé ọkọ, ìwé òfin fúnra rẹ̀ ti gba ẹ̀yìnkùlé ṣí ilẹ̀kùn fún ìgbéyàwó ọmọdé.

Wọ́n dìbò, àbá náà wọlé. Ni Sẹ́nétọ̀ Ahmad Sani Yerima láti Zamfara bá dìde, ó ní ọ̀rọ̀ náà ta ko ẹ̀sìn Ìsìláàmù, àti pé ìwé òfin kan náà kò fún ilé aṣòfin àpapọ̀ láṣẹ lórí ìgbéyàwó tí a bá ṣe nílànà Ìsìláàmù tàbí ti ìbílẹ̀. Wọ́n tún ìbò náà dì. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, àwọn tí wọ́n fẹ́ kí gbólóhùn náà kúrò ṣì pọ̀ ju àwọn tí kò fẹ́ lọ, síbẹ̀ àbá náà ṣubú. Gbólóhùn náà sì wà nínú ìwé òfin títí di òní.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe dojú rú. Yíyọ ni wọ́n fẹ́ yọ, ará ìlú gbọ́ pé fífi ni wọ́n fi kún un. Kíkọ jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ni abala náà ń sọ, ará ìlú gbọ́ pé ọjọ́ orí ìgbéyàwó ni. Ọmọ tí ó bá gbé ohun tí ó gbọ́ nígboro wọ gbọ̀ngàn ìdánwò yóò mú ìdáhùn tí kò tọ́ pẹ̀lú ìdánilójú. Ẹ sì kíyè sí i pé ẹ̀yin tí ẹ kórìíra ìgbéyàwó ọmọdé ní ìdí láti bínú sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí ànfààní kan lọ mọ́ wa lọ́wọ́ ní ọjọ́ náà. A kàn bínú sí ohun mìíràn ni.

Báwo wá ni ẹ̀yin tí ẹ pọ̀ jù yóò ṣe dìbò tí ẹ ó tún fìdí rẹmi? Ibí yìí ni ìṣirò ti wọlé, ibẹ̀ sì ni àwọn olùdánwò fẹ́ràn jù. Bí ó bá jẹ́ àbádòfin lásán, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bill, ohun tí ó nílò kò ju kí àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí i pọ̀ ju àwọn tí wọ́n kọ̀ ọ́ lọ láàárín àwọn tí wọ́n jókòó tí wọ́n sì dìbò. Ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé ni ó sì tó láti bẹ̀rẹ̀ ìjókòó. Sẹ́nétọ̀ 109 ni a ní. Bí 37 bá wà níjókòó, tí gbogbo wọn sì dìbò, 19 péré lè mú kí àbádòfin kọjá ní ilé náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, abala 9 ní ó di dandan kí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé fọwọ́ sí i. Gbogbo ọmọ ilé, kì í ṣe àwọn tí wọ́n wá nìkan. Ìyẹn ni sẹ́nétọ̀ 73, àti aṣojú-ṣòfin 240 nínú 360. Nítorí náà, sẹ́nétọ̀ tí ó lọ kí ìyàwó rẹ̀ ní ìlú òyìnbó ní ọjọ́ ìdìbò, àti èyí tí ó jókòó síbẹ̀ tí ó ká apá gbera, àwọn méjèèjì ti dìbò lòdì sí àtúnṣe náà láìlanu.

Kò tíì parí síbẹ̀. Bí ilé méjèèjì nílùú Àbújá bá fọwọ́ sí àtúnṣe, yóò di ọ̀dọ̀ àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 36, èyí tí í ṣe 24, sì gbọ́dọ̀ gbà á. Bí ó bá wá jẹ́ pé abala 8 tí ó sọ nípa dídá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fọwọ́ kàn, tàbí abala 9 fúnra rẹ̀, tàbí orí kẹrin tí ó kó ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn pọ̀, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni wọn yóò béèrè ní ilé méjèèjì: sẹ́nétọ̀ 88, aṣojú-ṣòfin 288. Ẹ má há àwọn nọ́ńbà yìí sórí lásán. Ẹ rántí pé bí nǹkan bá ṣe ṣe iyebíye sí ìlú tó ni wọ́n ṣe fi kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ tì í, ẹ ó sì lè ṣírò wọn fúnra yín nígbà tí ìbẹ̀rù bá gbé wọn lọ lórí yín.

Àbádòfin lásán náà ní ìrìn àjò tirẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n ti fi èyí kọ́ yín ní ilé ìwé girama, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Wọn yóò kà á lẹ́ẹ̀kíní kí ilé lè mọ̀ pé ó wà. Wọn yóò jiyàn lórí kókó rẹ̀ ní kíkà kejì. Ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì lè pe ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Ilé yóò gbé àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan gbólóhùn. Kíkà kẹta yóò tẹ̀ lé e. Ilé kejì yóò ṣe bákan náà. Bí ohun tí ilé méjèèjì fọwọ́ sí kò bá dọ́gba, wọn yóò yan ìgbìmọ̀ tí yóò sọ ọ́ di ọ̀kan. Kí ẹ má sì rò pé oṣù mélòó kan ni ó gbọ́dọ̀ gbà o. Òfin tí ó dá orin orílẹ̀-èdè àtijọ́ padà ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 gba gbogbo kíkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá ní ilé aṣojú-ṣòfin lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn àbádòfin mìíràn a sì kú sínú fáìlì nígbà tí ọdún mẹ́rin ilé náà bá pé.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó tún ku Ààrẹ. Abala 58 fún un ní ọjọ́ 30 láti sọ bóyá òun yóò buwọ́ lù ú tàbí òun kò ní buwọ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń rò pé bí 30 ọjọ́ bá kọjá tí Ààrẹ kò sọ nǹkan kan, àbádòfin di òfin fúnra rẹ̀. Ó dàbí ẹni pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí ìyẹn, níbi tí irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Níhìn-ín, àfi kí ilé méjèèjì tún un gbé kalẹ̀, kí wọ́n sì fi ìdá méjì nínú mẹ́ta fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó lè ré Ààrẹ kọjá. Wọ́n ti ṣe é rí: òfin tí ó dá àjọ NDDC sílẹ̀ fún àwọn ará Niger Delta ní ọdún 2000 di òfin láìsí ìfọwọ́sí Ààrẹ Ọbásanjọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń rí lójoojúmọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, Ààrẹ Buhari kọ̀ láti buwọ́ lu àbádòfin ìdìbò, nítorí pé ó sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú máa dìbò yan olùdíje. Àwọn aṣòfin kò bá a jà. Wọ́n tún gbólóhùn náà kọ, wọ́n fi ọ̀nà mìíràn kún un, ó sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2022. Ẹni tí ó bá dáhùn pé 2021 ni Òfin Ìdìbò náà jáde, ìròyìn ni ó gbọ́, kò gbọ́ òpin rẹ̀.

Àtúnṣe Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè ńkọ́, ṣé ó nílò ọwọ́ Ààrẹ? Abala 9 kò dárúkọ Ààrẹ rárá, àríyànjiyàn sì pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní 2010, ilé ẹjọ́ sì ní ó nílò rẹ̀, Ààrẹ Jonathan sì buwọ́ lu àwọn àtúnṣe àkọ́kọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2011. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé e lọ bá Ààrẹ.

Nǹkan mìíràn tí ó ń mú ọmọ ṣìnà ni pé ohun tí wọ́n dábàá àti ohun tí ó jáde kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Not Too Young To Run. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ gbé e dìde, wọ́n fẹ́ kí ọjọ́ orí olùdíje fún ipò Ààrẹ, gómìnà, sẹ́nétọ̀, aṣojú-ṣòfin àti aṣòfin ìpínlẹ̀ wálẹ̀. Àtúnṣe tí Buhari buwọ́ lù ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2018 mú ti Ààrẹ wá láti 40 sí 35, ó sì mú ti aṣojú-ṣòfin àti ti aṣòfin ìpínlẹ̀ láti 30 sí 25. Ti gómìnà àti ti sẹ́nétọ̀ dúró sí 35 bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ owó orí. Àbádòfin tí Ààrẹ Tinubu gbé lọ sí ilé ní 2024 fẹ́ kí owó orí ọjà tí a mọ̀ sí VAT kúrò ní 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé 15. Nígbà tí ó di òfin ní oṣù kẹfà ọdún 2025, 7.5 náà ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ tún rí i pé wọ́n buwọ́ lù ú ní oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ni Òfin Owó Orí náà fi ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ọjọ́ ìbuwọ́lù lọ́tọ̀, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí ẹ bá wá rí àbádòfin àtúnṣe gan-an, tí ẹ ṣí i lórí fóònù, ó lè sú yín lójú ẹsẹ̀. Kì í gùn, kò sì nítumọ̀ bí ẹ bá kà á nìkan. Yóò ní kí a yọ ọ̀rọ̀ kan ní ìlà kẹta abala báyìí, kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń gbọ́ ẹnìkan tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìgbọ́ ẹni kejì. Àfi kí ẹ gbé òfin àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn àtijọ́ sí apá òsì ìwé yín, kí ẹ kọ ọ́ sí apá ọ̀tún bí yóò ṣe rí lẹ́yìn àtúnṣe, kí ẹ wá bèèrè ẹni tí ó jèrè àti ẹni tí ó pàdánù nínú ìyàtọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ṣe èyí fún abala 29 ní 2013 ìbá ti mọ òtítọ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń tún òfin ṣe. Nígbà mìíràn wọn a fagi lé e pátápátá, wọn a sì kọ òmíràn dípò. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ní owó tí ń wọlé fún ẹbí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ tó 500,000 náírà lọ́dún, ó sì ní kí ó mú onídùúró méjì wá, irú bí agbẹjọ́rò tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 10. Ẹ bi ara yín: ọmọ ta ni, nínú ilé tí owó kò tó bẹ́ẹ̀, ni yóò mọ irú lọ́yà bẹ́ẹ̀ tí yóò dúró fún un? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n fagi lé òfin náà, wọ́n sì ṣe tuntun tí ó mú òṣùwọ̀n owó ẹbí àti onídùúró kúrò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ ìfagilé àti àtúnṣe tuntun sínú orúkọ òfin kejì náà. Ẹ máa ka orúkọ òfin dé ìparí. Ohun tí wọ́n fẹ́ bi yín máa ń wà níbẹ̀.

Orúkọ náà ni yóò tún sọ fún yín ilé tí ó ṣe é. Èyí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá ṣe ni Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè ń pè ní Act. Èyí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe ni Law. Ti ìjọba ìbílẹ̀ ni bye-law. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Child's Rights Act ti ọdún 2003 ni ó sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè ṣe ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ kan àfi bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà bá ṣe tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ti ṣe é, ohun tí ẹ ó sì rí nínú ìwé wọn ni Child's Rights Law. Ẹnìkan tí ó bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí ìgbéyàwó ní Nàìjíríà, òfin yìí ni yóò lọ kà; kò ní wá a sí abala 29.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ dán ara rẹ̀ wò, ẹ mú àwọn àtúnṣe ọdún 2022 sí 2023. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2022, àbá 68 ni wọ́n dìbò lé lórí nílé aṣòfin àpapọ̀. Èyí tí yóò ya àga sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin wà lára àwọn tí ó ṣubú, àwọn obìnrin sì lọ fẹ̀hónú hàn ní ẹnu ọ̀nà ilé náà. 44 ni ó kọjá. 35 nínú wọn ni àwọn ìpínlẹ̀ tí ó tó fọwọ́ sí. Nígbà tí ó di oṣù kẹta ọdún 2023, 16 ni Buhari buwọ́ lù, lára wọn ni èyí tí ó fún ìpínlẹ̀ láyè lórí ọkọ̀ ojú irin àti èyí tí ó fún wọn láyè láti pèsè iná mànàmáná kí wọ́n sì pín in níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin yìí sílẹ̀, kí ẹ sì kọ abala tí ó fa ìdínkù ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìwé Òfin ọdún 1999 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àjọ PLAC ní Àbújá sì máa ń gbé àbádòfin àti òfin sí ojú òpó rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abala 58 kí ẹ tó kà 59 tí ó jẹ́ ti owó ìjọba, nítorí ìlànà wọn kò rí bákan náà, kí ẹ tó wá padà sí abala 9. Kò gba ju wákàtí kan lọ.